Ebè Olódi: Ohun Tí A Lè Fi Kún Un Láìná Owó Rẹpẹtẹ

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni ìbéèrè ti ń dé lórí ebè olódi, ìyẹn ebè tí a fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù mọ odi yí ká, tí a wá da iyẹ̀pẹ̀ sí inú rẹ̀. Mẹ́rin ni a mú nínú wọn fún oṣù yìí, gbogbo wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkàwé wa ní Òṣogbo, nítorí pé ibì kan náà ni bàtà ti ń ta gbogbo wọn lẹ́sẹ̀: mímọ odi náà kò le tó wíwá ohun tí yóò kún inú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Bàálẹ̀ ni mò ń gbé. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi jẹ́ ilẹ̀ pupa tí yàngì pọ̀ nínú rẹ̀, ọkọ́ kì í ràn án, orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n lè lóṣòó pẹ́ mọ́. Ọmọ mi fi búlọ́ọ̀kù mọ ebè olódi méjì fún mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹni tí ń ta iyẹ̀pẹ̀ ní àfi kí n ra odindi típà kan, owó tí ó dá lé e sì ju owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù kan lọ. Ǹjẹ́ kò sí ohun mìíràn tí mo lè dà sí i? Bàbá Tíṣà, Òkè-Bàálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá. Ẹ má tíì ra típà náà. Gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú kì í sábà wá oúnjẹ jìnnà ju íńṣì 6 sí 8 lọ nínú ilẹ̀. Ata àti tòmátì ni ó ń fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Nítorí náà, ìdajì ìsàlẹ̀ ebè yín kò nílò iyẹ̀pẹ̀ tí a fi owó rà rárá. Ohun tí yóò padà di iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ kó síbẹ̀, kí òjò, ekòló àti àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí sì máa ṣe iṣẹ́ tí onítípà fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé ohun tí kò tíì jẹrà, ìsàlẹ̀ ni àyè rẹ̀; ohun tí ó ti jẹrà tán ni ó gbọ́dọ̀ wà lókè níbi tí irúgbìn yóò ti hù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ebè wọn kò ṣe dáadáa ni wọ́n da èyí rú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ebè yín kan gba nǹkan bíi lítà 1,800. Àpò ìrẹsì oníkílò 50 gba nǹkan bíi lítà 60 bí a bá kún un dé ẹnu, ìyẹn ni pé nǹkan bí àpò 30 ni yóò kún ebè kan. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ pàǹtí oko àti ti ilé, àpò 15 péré ni ó kù fún òkè, èmi a sì máa pín in sí àpò iyẹ̀pẹ̀ dúdú 10 àti àpò ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà 5. Àpò iyẹ̀pẹ̀ 20 fún ebè méjèèjì kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pe típà. Ọlọ́mọlańke lè kó o dé ẹnu ọ̀nà yín.

Àwọn baba wa kò mọ odi yí ebè ká, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n yìí. Ààtàn ẹ̀yìn agboolé ni àwọn ìyá wa ti ń já tẹ̀tẹ̀ àti gbúre tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, nítorí pé ibẹ̀ ni eérú ààrò, èèpo iṣu, háhá àgbàdo àti ewé tí wọ́n gbá lójúmọ́ ń kó jọ sí, tí wọ́n sì ń jẹrà léra wọn láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ ìdí ààtàn àtijọ́ wò rí mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú tó, tí ó sì rọ̀. Ààtàn ayé òde òní kọ́ ni mò ń sọ o. Ẹ má ṣe lọ bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí láàárín ìlú lónìí tàbí ní àgbàlá mẹkáníìkì, nítorí pé òjé inú bátìrì àti epo ẹ́ńjìnnì tí ó ti dúdú wà nínú rẹ̀, òjé kì í sì í jẹrà. Inú ilẹ̀ ni yóò máa wà títí, yóò sì ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀fọ́.

Kí ẹ tó da ohunkóhun sínú ebè náà, ẹ ní kí ọmọ yín fi dígà gún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ káàkiri, nítorí pé ilẹ̀ yàngì tí a kò là máa ń gba omi dúró bí àwo, gbòǹgbò tí omi bá sì mù jíjẹrà ni yóò jẹrà. Bí ó bá ti fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo àárín búlọ́ọ̀kù náà, kí ó dá ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìsàlẹ̀ odi. Ẹ má ṣe tẹ́ ọ̀rá sí i. Páálí ni kí ẹ tẹ́, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba ń jù sẹ́yìn ọjà nírọ̀lẹ́. Ẹ bó sẹ́lótéèpù ara rẹ̀ kúrò, ẹ rin ín gbingbin, kí ẹ sì jẹ́ kí etí ọ̀kan gun orí èkejì, kí koríko ìsàlẹ̀ má baà rí ojú yọ. Láàárín oṣù díẹ̀ ekòló yóò ti jẹ ẹ́ tán.

Lórí páálí ni igi ń lọ. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Hügelkultur, nínú èyí tí wọ́n máa ń rì odindi ìtì igi mọ́ abẹ́ iyẹ̀pẹ̀, kí ó lè máa mu omi pamọ́ bí kànìnkànìn, kí ó sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa gbóná ju tiwọn lọ, ikán sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà igi tí ó ti ń rà, tí èékánná lè wọ̀ lára, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ yẹra fún pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà tàbí tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún igi tútù tí ó máa ń sọ bí a bá rì í mọ́lẹ̀: ìyeyè, akòko, ọ̀dán àti àgúnmániyè. Mo mọ ẹnìkan tí ó kó ẹ̀ka ìyeyè tútù sí ìsàlẹ̀ ebè. Kí oṣù méjì tó pé, àárín ilá rẹ̀ ni ìyeyè náà ti gbé orí jáde. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ẹ ní, ẹ sá a sóòrùn kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó lò ó.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo yàn láàyò ju igi lọ. Ẹni tí ó bá ti bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í mọ ohun tí yóò fi ìtì rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ a sì máa dùn pé ẹnìkan fẹ́ kó o. Ẹ gé e ní gígùn ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ là á sí méjì, kí ẹ sì tò ó. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í pẹ́ jẹrà, ikán kò sì í fi bẹ́ẹ̀ ká a mọ́. Nígbà kan mo tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ebè mi wò ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí mo kún un. Ìtì tí ó sanra bí itan ti di fọ́nrán dúdú pẹlẹbẹ kan tí ó rọ̀ bí òwú tí omi mu. Nígbà tí mo fi ìka gbé e sókè, ekòló mẹ́ta ni ó ń lọ́ nínú rẹ̀, gbòǹgbò ata rodo mi sì ti ta wọ inú fọ́nrán náà, ó funfun, ó tín-ín-rín, ó sì dì í mú tí mo fi ní láti dá a padà sáyè rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí n má baà fà á já.

Ṣúkù àgbàdo, pòròpórò, ìhá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fún epo ní ẹbu, èèpo kòkó, gbogbo wọn ni ó ṣe é dà lé e. Ẹ má ṣe kà á sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ní gbogbo wọn. Èyí tí ó bá súnmọ́ yín ni kí ẹ kó, nítorí pé owó ọkọ̀ lè sọ ohun ọ̀fẹ́ di ọ̀wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ohun tútù: èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tí ẹ ro nínú ọgbà kí ó tó so èso, àti ewé kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí lára. Igi kan wà tí ó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì káàkiri ìpínlẹ̀ wa, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, tí àwọn mìíràn ń pè ní sẹ́pẹ́lẹ́bá. Àwọn ènìyàn ń ṣá a dànù bí ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ ní náítírójìn àti pọ̀táṣíọ̀mù, ìyẹn oúnjẹ inú ilẹ̀ tí irúgbìn fi ń dàgbà, lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn sì ti ń fi í ṣe ajílẹ̀ fún àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tipẹ́. Ẹ gé e kí ó tó tanná. Ẹ má ṣe gé e níbi tí wọ́n bá ti fín oògùn apakoríko.

Lórí ohun tútù yìí ni kí ẹ da ewé gbígbẹ lé, ewé fúrúùtù, ewé máńgòrò, ohunkóhun tí ọyẹ́ bá ti gbọ̀n sílẹ̀. Ní orí ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ wọ́n ọn kí ó lè dí àárín wọn, ẹ bu omi rin ín títí yóò fi dà bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sì fún, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ yóò jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, yóò rí i pé ilẹ̀ ti jìn ní àárín ebè. Nígbà tí ó bá ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan kí ó kún ni kí ẹ wá da iyẹ̀pẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀ yín tí ẹ ti pò pọ̀ lé e.

Yóò rì, Bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó já yín kulẹ̀. Láàárín ọdún kìn-ín-ní, ìdá kan nínú mẹ́ta gíga pàǹtí náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọlẹ̀. Ẹ tọ́jú àpò ajílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ tí ẹ óò fi bù ú kún lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ eléwé sí i ní àkọ́kọ́, kí ẹ fi ata àti tòmátì sílẹ̀ di ìgbà tí ìsàlẹ̀ bá ti rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀, ẹ rìn wọ Igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ kan. Ewé ń bọ́ lé ewé, ìtì tí ó wó ń rà níbi tí ó wó sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dúdú. Wíwò nìkan ni kí ẹ wò ó o. Ohun àjogúnbá ni igbó náà, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ewé tàbí iyẹ̀pẹ̀ jáde níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gba ìyẹ̀fun pákó lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la igi, mo sì pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn hù, ṣùgbọ́n kò ga ju ìka kan lọ, ewé rẹ̀ sì pọ́n. Aládùúgbò mi ní kí n da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Mo gba a tààrà láti abẹ́ adìyẹ, mo sì dà á sí i. Ìyókù gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ìyá Ìbejì, Ògo-Olúwa.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ohun méjèèjì tí ẹ kó jọ ló dára, àyè tí ẹ fi wọ́n sí ni kò dára. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó, odindi àkókò òjò kan ni mo sì fi pàdánù, nítorí náà mo mọ bí ó ti máa ń dun ènìyàn.

Ara igi ni kábọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ó pọ̀ jù nínú èédú, pọ̀ sí jù. Nínú ìyẹ̀fun pákó, kábọ́ọ̀nù lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń tètè jẹrà dáadáa kì í ju ìlọ́po 25 sí 30 lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ igi náà kò lè fi kábọ́ọ̀nù nìkan gbé ara wọn ró, wọn a sì máa fa náítírójìn láti inú iyẹ̀pẹ̀ tí ó yí wọn ká. Oúnjẹ tẹ̀tẹ̀ yín ni wọ́n jẹ. Bí ìyẹ̀fun pákó náà bá wà ní ìsàlẹ̀ ni, ìjà náà ì bá wà ní ìsàlẹ̀, kò ní kan gbòǹgbò kékeré òkè.

Ìgbẹ́ adìyẹ ní tirẹ̀ kún fún náítírójìn, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlọ́po 10 rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun àti ìyẹ̀fun pákó fi lè bá ara wọn ṣe tí a bá fún wọn ní àkókò. Ṣùgbọ́n ní tútù ó gbóná, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, amóníà rẹ̀ tí ń ta ní imú sì ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ sí ìbòòji, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó náà gan-an, ẹ máa rin ín, kí ẹ máa yí i po lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bí ó bá ṣì gbóná, kò tíì tó. Bí òórùn rẹ̀ bá ti di òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹ bu díẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ẹ gbọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí ó bá hù tí ó sì dúró ní àwọ̀ ewé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè gbé e lọ sínú ebè. Ìdí mìíràn tún wà: àwọn kòkòrò tí ń fa inú rírun máa ń wà nínú ìgbẹ́ tútù. Òfin ọ̀gbìn láìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà béèrè pé kí ó tó ọjọ́ 120 láàárín dída ìgbẹ́ tútù sí ilẹ̀ àti kíkórè ohun jíjẹ tí ara rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ eléwé kò lè dúró de iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó jẹrà ṣáájú.

Ní ti ebè tí ó wà nílẹ̀ yìí, ẹ má ṣe kó o dànù. Ẹ fa àwọn òkú tẹ̀tẹ̀ náà tu, ẹ bu ewé jogbo tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i, ẹ yí i po, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí ẹ sì máa rin ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbin ẹ̀wà sí i, nítorí pé ẹ̀wà lè gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ àwọn kókó tí ó wà ní gbòǹgbò rẹ̀, kò sì ní bá àwọn tí ń jẹ igi du oúnjẹ. Ẹ̀yìn ẹ̀wà ni kí tẹ̀tẹ̀ tó padà síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi ní ikán ni mo fẹ́ fi igi rírì pè sílé. Ṣé òótọ́ ni? Bàbá Ayétòrò.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù tí ń bà á tọ́, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀. Igi gbígbẹ tí a rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé jẹ́ àsè fún ikán, láti ibẹ̀ kò sì jìnnà sí férémù ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ebè náà jìnnà sí ilé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán, kí ẹ sì fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé rọ́pò igi pátápátá. Bí odi ebè náà bá jẹ́ pákó, ẹ máa wo ìdí rẹ̀ lóṣooṣù bóyá ojú ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikán máa ń mọ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì máa rin ín déédéé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

ÌBÉÈRÈ: Ilé àyágbé ni mo wà, n kò lè mọ odi sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣé a lè ṣe èyí nínú àpò? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Fìà.

ÌDÁHÙN: A lè ṣe é, ìlànà kan náà ni: ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ fún ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ, ìyókù fún iyẹ̀pẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà. Ẹ fi àbẹ́là jó ihò mẹ́fà sí ìdí àpò ìrẹsì náà kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, kí ẹ gbé e lé orí òkúta méjì kí omi lè ro, kí ẹ sì ká etí rẹ̀ síta tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bí ohun inú rẹ̀ bá ti ń rì, ẹ óò máa tú etí náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ óò sì máa bu ajílẹ̀ lé e. Oòrùn yóò ti gbó àpò náà tó bí ọdún kan bá kọjá, nígbà náà ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú àpò tuntun. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò ti di iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí ẹ óò dà sí òkè.